Ẹni Tó Bá Di Máòsì Mú Kò Lẹ́nu

Lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ tí ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí ni mo rí ní Igbó-Ọrà, mo ti dá yín lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dá yín lóhùn nídìí ẹ̀rọ ata, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn mi kò tíì tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwàdà ni mo ń fi í ṣe. Mo ní ìbejì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá bí ọmọ kan ṣoṣo, ṣe ni wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Mo ní wọn ò mọ iyán í gún. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bá tiyín lọ. Ohun tí n kò sọ tán ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi lọ. Kọ̀ǹpútà mélòó kan wà nílé ìwé wa tí wọ́n fi aṣọ bò sínú yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà lápò ọ̀gá. Ọ̀gá ní kò pọ̀ tó, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a wá gbọ́ pé olùkọ́ kan wà ní Igbó-Ọrà tó ń fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré kọ́ odindi kíláàsì, tí ẹnikẹ́ni kò sì jà, wọ́n ní kí n lọ fi táàmù kan wo bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní èmi ni kí n lọ nítorí èmi ni mo lẹ́nu jù. N kò bá wọn jiyàn.

Ọ̀nà jìn, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ lọ rẹrẹ, àyà mi ń já, nítorí ojú ọmọ Àkókó kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè tẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé Ẹrúwà tí mo rí àpáta. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní ibi tí òkúta bá wà, n kò lè sọnù níbẹ̀.

Obìnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀, ó pọn ọmọ kan, ó gbé ìkejì lé ẹsẹ̀. Kò bi mí lórúkọ, kò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó kàn gbé ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé Táyé," ó sì sùn. Mo gbé ọmọ ọlọ́mọ títí a fi wọ Igbó-Ọrà. Ọmọ náà tọ̀ sí mi lára. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jí, ó wo aṣọ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó ti kí yín káàbọ̀ nìyẹn."

Ní gáréèjì, ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé mi bi mí pé, "Èkìtì ni yín, mà?"

Mo ní, "Àkókó ni mí."

"Ẹ́n-ẹ̀n. Èkìtì náà ni."

Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, Tíṣà Èkìtì ni mò ń jẹ́. Mo jà fún Àkókó fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó rẹ̀ mí.

Ilé Alájì

Ilé Alájì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ẹ̀gúsí àti láfún ló ń rà ní oko Ayété àti Tápà, tó sì ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ó yára lẹ́sẹ̀ ju èmi lọ, kò sì sí ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí kì í ṣàdúrà fún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń ṣètọ́jú ilé, nítorí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sí nílé. Àwọn ìbejì náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì, kíláàsì tí mo wá wò ni wọ́n sì wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, wọ́n gbé láfún wá, funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilásà. Ewé ilá ni ilásà, ó ń yọ̀ jù fún ẹni tó dàgbà sídìí iyán. Mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran. Alájì wò mí títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Tíṣà, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó mọ̀nà."

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o. Ilásà yẹn ló ń fún wa ní ìbejì."

"Mo ti bímọ tán, Ìyá Ìbejì."

Alájì gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run ò tíì tán o!" Gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ilé náà ni pé gbogbo nǹkan ló jẹ́ méjì. Kọ́ọ̀bù méjì, bàtà méjì tó bára mu, báàgì méjì, kóòmù méjì. Bí wọ́n bá ra búrẹ́dì kan, wọ́n á ti gé e sọ́gbọọgba kó tó dé iwájú àwọn ọmọ. Àbúrò Ìyá Ìbejì mú síkáàfù kan ṣoṣo wá lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò rí ìkejì rẹ̀ lọ́jà. Ìyá Ìbejì dúpẹ́, ó ká a padà, ó ní kó lọ wá ìkejì ná. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni kò pé méjì nínú ilé náà. Táyé ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. "Kẹ́hìndé ní òun ò jẹ ata púpọ̀." "Kẹ́hìndé ní orí ń fọ́ òun." Kẹ́hìndé á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á mi orí tàbí kó má mi orí. Mo bi Alájì bóyá ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ẹnu yà á.

"Ṣebí Kẹ́hìndé ni. Òun ni àgbà. Òun ló rán Táyé ṣíwájú wá wo ayé. Àgbà tó bá ní ẹni tí yóò rán, kí ló tún ń pariwo fún?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé mo gbà á. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ó mú mi lọ sí ọjà Tápà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, lẹ́bàá Ayété, mo rí àpáta tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́, pákí tí wọ́n fi ń ṣe láfún, sí, ó funfun lọ bí ẹni tẹ́ aṣọ. Ní Tápà, obìnrin kan tí n kò rí rí gbọ́ pé àlejò Alájì ni mí, ó fún mi ní iṣu. Mo dúpẹ́, mo fẹ́ máa lọ, ó tún pè mí padà, ó fi ọ̀kan lé e, ó ní òun kò fẹ́ kí iṣu òun dá nìkan rìn lọ sí ìlú òkèèrè. Irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kà á síwájú.

Àáró

Olùkọ́ tí mo wá bá ni wọ́n ń pè ní Bàbá Rọ́fíà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kí ìrun nínú ara rẹ̀ lọ. Mo rò pé kíláàsì ẹni bẹ́ẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Ariwo tí mo bá níbẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ejò wọlé ni.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, orí tábìlì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Wọ́n ti gbó. Lẹ́tà kan ti yọ lára ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi táàpù lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi báírò kọ lẹ́tà náà padà sórí rẹ̀. Sólà tó wà lórí páànù ló ń fún wọn níná, bí òjò bá ṣú, ẹ̀kọ́ parí. Ìdí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀wọ́ ọmọ kan wà, Bàbá Rọ́fíà sì ń pe ọ̀wọ́ náà ní àáró, bí àwọn bàbá wọn ṣe máa ń para pọ̀ ro oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la.

Òfin rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó bá di máòsì mú kò lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò lọ́wọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe, ẹni tó di máòsì mú á ṣe é bó ṣe sọ ọ́ gan-an, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì í. Àwọn yòókù lè fún un nímọ̀ràn, wọ́n lè bá a jiyàn, ìyẹn ló fa ariwo, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ nìkan ni máòsì ń gbọ́. Tó bá sọ tirẹ̀ tán, òun ni yóò di máòsì mú fún ẹni tó kàn.

Mo bi í pé, "Bí ọmọ bá dákẹ́ ńkọ́?"

"A óò dúró."

"Bó bá dákẹ́ títí aago fi lù ńkọ́?"

"A óò dúró lọ́la, mà. Ṣé ẹ lè fo oko ẹnìkan nínú àáró? Bó bá kan ẹni, ó kan án nìyẹn."

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kò lè dúró kí omi hó. Nígbà tó ní òun ti fi Kẹ́hìndé sí àáró kan, Táyé sí òmíràn, mo ti mọ̀ pé ojú mi á rí nǹkan. Ìyá Ìbejì ti kọ́kọ́ kọ̀, ó gbà nígbà tí Bàbá Rọ́fíà fi hàn án pé yàrá kan náà ni, pé wọ́n á ṣì máa rí ara wọn.

Àáró kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìwé kékeré kan nípa nǹkan ìlú wọn, pẹ̀lú àwòrán. Ti àáró Kẹ́hìndé ni bí wọ́n ṣe ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Kẹ́hìndé, ọmọkùnrin tó di máòsì mú, Ràṣídì, yíjú sí i. Gbogbo wọn yíjú sí i. Kò sọ nǹkan kan. Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, Ràṣídì fọwọ́ tọ́ ọ kó tún là, ó tún ṣókùnkùn.

Táyé pariwo láti ìdí tábìlì tirẹ̀ pé, "Kẹ́hìndé ní kí ẹ ya àpáta náà kó tóbi!"

Bàbá Rọ́fíà ní, "Táyé, ṣé oko rẹ nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Ro tìrẹ."

Aago lù. Wọ́n dúró lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró lọ́jọ́ kẹta. Ràṣídì ń mí kanlẹ̀ bí bàbá àgbà, ṣùgbọ́n kò sún ọwọ́. Èmi ni mo fẹ́ ya wèrè. Mo ti fẹ́ sọ fún Bàbá Rọ́fíà pé kó ṣàánú fún ọmọ náà, pé ohun tó ń ṣe yìí le jù, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. Ohùn náà nípọn díẹ̀, kò jọ ti Táyé rárá.

"Sọ̀kalẹ̀."

Ràṣídì mú máòsì sọ̀kalẹ̀.

"Tún sọ̀kalẹ̀. Dúró. Ya ewúrẹ́ síbẹ̀."

Ariwo sọ. Ọmọ kan ní ewúrẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, pé ìwé wọn á bàjẹ́. Òmíràn ní ṣe ni kí wọ́n lé e. Kẹ́hìndé dìde dúró. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí ewúrẹ́, ta ni ìyá tó ń sá ẹ̀gẹ́ á máa pariwo lé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà. Bàbá Rọ́fíà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ dúró sẹ́nu fèrèsé, ó kẹ́yìn sí wa fún ìgbà díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Kẹ́hìndé, a máa ń gbọ́ ọ. Kò di aláròyé. Ó ṣì ń dákẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ọjọ́ àwọn òbí

Nígbà tí táàmù dé àárín, wọ́n pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Alájì wọ agbádá, Ìyá Ìbejì sì jókòó tì í. Inú mi dùn ju ti ẹni tó bí wọn lọ, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ó kan Kẹ́hìndé. Ràṣídì di máòsì mú. Kẹ́hìndé ní kó ya ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ó ya á. Ó ní kó jẹ́ kí ikùn rẹ̀ tóbi nítorí ó ti jẹ lára ẹ̀gẹ́ náà, àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì di ẹnu rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Kẹ́hìndé mi ló ń sọ̀rọ̀!" Aago lù kí wọ́n tó kan ojú ewúrẹ́ náà. Kẹ́hìndé ní tó bá tún kan òun, òun á sọ bí ojú náà á ṣe rí.

Mo wo Alájì kí n lè rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń wo ọwọ́ Ràṣídì lórí máòsì, ó ń wo ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, tí a jẹun tán, ló pè mí. "Tíṣà, ọmọ mi ń dúró de nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Mo ní, "Alájì, wọ́n ń ṣe é ní àáró ni. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀?"

"Mo gbọ́. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkìtì ò mọ ìbejì. Ìbejì kì í pín nǹkan, kì í dúró de nǹkan." Ó rẹ́rìn-ín sí mi kí ọ̀rọ̀ náà má baà dùn mí, ó sì ṣàdúrà fún àwọn ọmọ tèmi nílé.

Kò pẹ́ tó fi lọ sí Ìbàdàn. Ó padà dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, báàgì kan náà. Wọn ò kéré lówó, mo mọ̀. Ìyá Ìbejì jó yí àgbàlá ká. Táyé dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀, gbogbo ilé fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kẹ́hìndé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé tirẹ̀ mọ́ àyà, ó sì wo ẹ̀yìn Táyé.

Bàtà kan

Bàbá Rọ́fíà wá dúpẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí Alájì tilétilé, ó ní Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fọgbọ́n sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Alájì, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó nílé. Ní kíláàsì, kí wọ́n ṣì wà nínú àáró wọn."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ní ni, Bàbá Rọ́fíà?"

"Haa, rárá o, Alájì."

Alájì bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Èmi náà, Táyé ni mí. Ẹ ò mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni agbára bàbá wa ká. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ lọ sílé kéwú. Ó ní èyí tó kàn ni ti Kẹ́hìndé, kó ní sùúrù. Kẹ́hìndé ò dúró dé èyí tó kàn."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Kò sí ọmọ mi tí yóò tún dúró de èyí tó kàn."

Kí ni ẹ fẹ́ kí ènìyàn sọ? Èmi tí ẹ ní mo lẹ́nu jù, tí ẹ torí ẹnu rán mi lọ, mo wo ilẹ̀. Bàbá Rọ́fíà tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Kẹ́hìndé. Wọ́n gbé omi wá, ó mu ún, ó lọ.

Méjì-méjì

Ìbejì Alájì nìkan kọ́ ló wà nínú kíláàsì náà. Igbó-Ọrà nìyẹn. Bí àwọn òbí ìbejì yòókù ṣe gbọ́ pé Alájì ti ra méjì, kò sí èyí tó fẹ́ kí Kẹ́hìndé tirẹ̀ máa wo ojú Kẹ́hìndé Alájì. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Èkó ránṣẹ́ sí Èkó. Àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó ta nǹkan oko. Ó kàn kún díẹ̀díẹ̀, báàgì méjì lónìí, méjì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àdúrà ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ wọlé.

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Èmi náà gbìyànjú láti wá ẹni tí n bá bínú sí, mi ò rí i.

Kíláàsì náà dákẹ́. Àwọn ìbejì jókòó ní méjì-méjì, nítorí àwọn ìyá wọn ní kí wọ́n máa ṣọ́ nǹkan ara wọn. Àáró tú. Àwọn ọmọ díẹ̀ tó kù nídìí kọ̀ǹpútà mẹ́ta àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń jẹun níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbààwẹ̀. Bàbá Rọ́fíà ń rìn láti ẹ̀yìn ọmọ kan dé ẹ̀yìn òmíràn. Ó ń kọ́ wọn, wọ́n ń mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá yọjú síbẹ̀ á ní ilé ìwé tó dára ni.

Táyé máa ń yára ṣe tirẹ̀. Tó bá ṣe é tán, á fa ti Kẹ́hìndé sọ́dọ̀, á ṣe ìyẹn náà bákan náà, á sì gbé ọwọ́ sókè.

"Kẹ́hìndé ní òun ti ṣe tán, sà."

Kẹ́hìndé á mi orí.

Bàbá Rọ́fíà bi Kẹ́hìndé ní tààrà lọ́jọ́ kan pé kí ni ó kọ. Ó ṣí ẹnu. Mo rí i, mo lè búra, ó ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Táyé ti sọ ọ́ fún un, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni gba ẹrù lórí àgbà. Mo jáde lọ síta, mo ní mo fẹ́ mu omi. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí táàmù ku díẹ̀ kó parí, mo lọ sídìí tábìlì Ràṣídì. Ìwé wọn lórí sísá ẹ̀gẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó sì dára. Àpáta wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ìyá tó ń pariwo wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ikùn gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà kò lójú.

"Ràṣídì, kí ló dé tí ewúrẹ́ yín ò lójú?"

"Kẹ́hìndé ló kàn, mà."

"Kẹ́hìndé ti ní tirẹ̀ báyìí. Ẹ fi ojú sí i fúnra yín."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jí nǹkan. "Kò tíì sọ̀rọ̀, mà."

Bí wọ́n ṣe tẹ ìwé náà jáde nìyẹn tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn òbí tó wò ó rò pé wọ́n gbàgbé ni.

Ó dìgbóṣe

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ kúrò, Ìyá Ìbejì di láfún fún mi, ìdì méjì, ó ní kí n máa lọ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Alájì ṣàdúrà títí ọlọ́kadà fi ń fun fèrè. Ó fún mi ní ẹ̀gúsí, ó ní, "Tíṣà Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa." Mo sunkún. Mo fẹ́ràn bàbá náà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti ń gbọ́ bí àwọn kan nínú yín ṣe ń dá a lẹ́jọ́ nígbà tí mo bá ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Táyé ti wọlé lọ gbé báàgì mi tó kù. Ẹsẹ̀ kan péré ni Kẹ́hìndé fi jìnnà sí mi, òun nìkan, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà. Mo dákẹ́. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, ó kéré tán.

"Tíṣà."

"Ẹ́n, Kẹ́hìndé."

"Nílé ìwé yín, kọ̀ǹpútà mélòó lẹ ní?"

"Díẹ̀ ni. Kò kárí."

Ó ronú sí i. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá Táyé ti ń bọ̀, ó sì yára sọ ọ́.

"Ẹ má jẹ́ kó kárí o."

Táyé jáde, ó gbé báàgì sórí ọ̀kadà. Ó ní, "Kẹ́hìndé ní kí ẹ máa lọ láyọ̀, mà."

Ní Ìkàrẹ́

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ Kẹ́hìndé fún ọ̀gá wa. Mo jẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí mo dé gan-an, eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn kí n mú àwọn ọmọ wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí a ṣe ní in yìí, kí ẹnìkan di máòsì mú, kí ẹnìkan sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu èjìká mi, ó ní mo kú iṣẹ́, pé ìròyìn ayọ̀ ló ń dúró dè mí. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún ni àwọn ọmọ ìlú wa ní òkè òkun ṣèlérí láti fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.

Ó ní kí n ní sùúrù díẹ̀ sí i, kí n má ṣe ṣí yàrá náà nítorí díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ á kárí gbogbo ọmọ. Ó ní kò ní sí ọmọ kan tí yóò tún dúró de ẹnikẹ́ni.